Nọ́ọ̀sì Tó Bi Dádì Mi Pé Ibo Ni Wọ́n Ń Sùn

Dádì mi ló ní kí n kọ eléyìí o. Mo tètè fi ìyẹn ṣáájú kí àwọn tó mọ ilé wa má baà fi fóònù pa mí pé kí ló dé tí mo gbé ọ̀rọ̀ àgbàlagbà síta. Wọ́n ti ka gbogbo ẹ̀ kí n tó gbé e síbí, ibi méjì ni wọ́n ní kí n yọ, mo sì ti yọ ọ́. Ìyókù, wọ́n ní kí n fi sílẹ̀ bó ṣe wà, pé ká ní àwọn rí irú ẹ̀ kà nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ni, ìyà tó jẹ àwọn ì bá dín kù.

Jẹjẹrẹ prostate ni. Ẹ̀yin tí ẹ ò bá mọ prostate, kókó kékeré kan ni, kò fi bẹ́ẹ̀ ju awùsá lọ, ọkùnrin nìkan ló ní in, abẹ́ àpò ìtọ̀ ló wà, ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà jáde sì gba àárín ẹ̀ kọjá. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tó bá ti wú, ara ìtọ̀ lèèyàn ti máa ń kọ́kọ́ mọ̀. Àmọ́ jẹjẹrẹ lè wà níbẹ̀ kí ìtọ̀ má yí padà rárá, torí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lóde ló sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀, kò tíì fún ọ̀nà pa. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ọkùnrin 1 nínú 8 ló máa ní in láyé ẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ọkùnrin aláwọ̀ dúdú, 1 nínú 4 ni. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ tún un kà. Ẹ wo ìjókòó àwọn bàbá ní ṣọ́ọ̀ṣì yín lọ́jọ́ Sunday, kí ẹ máa kà wọ́n ní mẹ́rin mẹ́rin.

Àwa obìnrin, tá a bá ti wọ 50 ọdún, lẹ́tà á máa wá sílé pé ká wá ya fọ́tò ọmú, lọ́dún mẹ́ta mẹ́ta, títí tá a fi máa pé 71. Kò sí lẹ́tà tó ń wá bá gbogbo ọkùnrin bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá ti pé 50, wọ́n lè lọ bá GP wọn, ìyẹn dọ́kítà àdúgbò, fúnra wọn pé àwọn fẹ́ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní PSA, ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n èèyàn gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó lè béèrè, Dádì mi ò sì mọ̀. Mọ́mì ló ń ka iye ìgbà tí wọ́n ń dìde lóru, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà, Mọ́mì ló ní tẹ́ ẹ bá dìde lẹ́ẹ̀keje lónìí ẹ má padà wá bá mi lórí bẹ́ẹ̀dì yìí, àfi kí ẹ kọjá sí GP. Bá a ṣe mọ̀ nìyẹn.

Ọjọ́ tí wọ́n ní ká wá gbọ́ èsì, èmi àti Dádì nìkan la lọ. Mọ́mì ní àwọn ò lè jókòó síbẹ̀. Dọ́kítà náà ò burú, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ó fi sikáànì hàn wá lórí kọ̀ǹpútà, ó ní PSA jẹ́ 23, ó ní Gleason, ìyẹn nọ́ḿbà tí wọ́n fi ń mọ bí jẹjẹrẹ náà ṣe le tó, jẹ́ 4 àti 3, ó ní ó ti yọrí díẹ̀ kúrò nínú èèpo kókó yẹn ṣùgbọ́n kò tíì dé eegun, ó ka oríṣi ìtọ́jú fún wa, ó ní ká lọ rò ó. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí ọmọ iléèwé tó fẹ́ ṣe ìdánwò. Kò tó ogún ìṣẹ́jú, ó ti tán, àwọn míì ń dúró níta.

Obìnrin kan ti wà ní kọ̀rọ̀ yàrá yẹn látìbẹ̀rẹ̀, ó wọ aṣọ búlúù, kò sọ nǹkan kan, mo rò pé ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ni. Nígbà tí dọ́kítà jáde, òun ò jáde. Ó fa àga ẹ̀ sún mọ́ Dádì débi pé orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra, ó wá bi wọ́n pé nínú gbogbo ohun tí dọ́kítà sọ yìí, kí lẹ gbọ́?

Dádì ní, "Mo gbọ́ pé mo ti kú."

Èmi tí mo ti kọ ojú ìwé méjì kún! Obìnrin yẹn ò sáré sọ pé rárá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló mú bírò, ó ya kókó náà sẹ́yìn àpòòwé, ó ní ibí ló wà, ibí ló yọrí sí, ibí yìí àti ibí yìí ni kò tíì dé, ìdí tá ò fi ní fi í sílẹ̀ ká kàn máa ṣọ́ ọ nìyẹn, a fẹ́ wò ó kó tán ni o, kì í ṣe ká kàn máa dá a dúró. Mo ń wo ojú Dádì, mo sì rí i pé ìyẹn wọlé. Ohun kan náà ni dọ́kítà sọ o, mo kọ ọ́ sínú ìwé mi, ṣùgbọ́n ẹnu dọ́kítà ló ti jáde, kò dé etí Dádì.

Ó wá bi wọ́n pé kí ni kí òun máa pè wọ́n. Lẹ́tà ọsibítù, Mísítà ni wọ́n ń kọ, orúkọ ìdílé wa tó tẹ̀ lé e, ẹnikẹ́ni ò pè é dáadáa rí. Dádì wò ó pé kò ju ẹgbẹ́ mi lọ, wọ́n ní kó máa pe àwọn ní Dádì. Látọjọ́ yẹn Dádì ló ń pè wọ́n, àwọn náà ń pè é ní Sístà.

Ìgbà tá a délé ni mo tó lọ kà nípa irú iṣẹ́ tí Sístà ń ṣe. CNS (clinical nurse specialist) ni wọ́n ń kọ sí káàdì wọn, ìyẹn nọ́ọ̀sì tó gbájú mọ́ irú àìsàn kan ṣoṣo. Kì í ṣe nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù tó máa wá wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín táá sì kọjá sí bẹ́ẹ̀dì kejì. Wọ́n á ti ṣe nọ́ọ̀sì fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó débẹ̀, púpọ̀ nínú wọn padà sí yunifásítì lọ gba digirí kejì, àwọn míì láṣẹ láti kọ oògùn fúnra wọn. Tiwa yìí, ọ̀rọ̀ prostate ló ń sọ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹ bi í nípa ojú tàbí eyín, á ní kí ẹ lọ bi ẹlòmíì. Ṣùgbọ́n ẹ bi í pé kí ló dé tí ìtọ̀ fi ń ta bàbá yìí ní ọ̀sẹ̀ kẹta, kò ní wo ìwé kankan.

Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ làwọn dọ́kítà máa ń jókòó ṣèpàdé lórí àwọn aláìsàn, oníṣẹ́ abẹ wà níbẹ̀, ẹni tó mọ̀ nípa radiotherapy (ìtànṣán tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ ta sí jẹjẹrẹ láti pa á), ẹni tó ń ka sikáànì, ẹni tó ń wo ẹran ara tí wọ́n bù lábẹ́ awò, Sístà náà sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú wọn. Àwọn yòókù, kálukú mọ èyí tó kàn án lára Dádì. Ẹnì kan mọ àwòrán wọn, ẹnì kan mọ ẹ̀jẹ̀ wọn. Sístà nìkan ló mọ̀ pé Dádì ló ń mú ọmọ mi lọ síléèwé láàárọ̀, pé wọn kì í gbé fóònù tí nọ́ḿbà ò bá hàn, pé wọ́n wa bọ́ọ̀sì ní London fún ọdún 26, ẹ̀yìn ò sì yé dùn wọ́n látìgbà náà. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn yẹn kì í ṣe kékeré o. Jẹjẹrẹ prostate tó bá fẹ́ rìn, eegun ló máa ń lọ jù, pàápàá eegun ẹ̀yìn, ẹni tó bá ní in tí ẹ̀yìn wá ń dùn ún lọ́nà tí kò rí rí, tí ẹsẹ̀ ń kú tàbí tí kò lè dá ìtọ̀ àti ìgbẹ́ dúró mọ́, ọjọ́ yẹn gan-an ni kó dé ọsibítù, kó má sọ pé ó dọ̀la. Sístà fún wa ní káàdì tí wọ́n kọ gbogbo ẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n torí pé ó ti mọ ẹ̀yìn tó jẹ́ ti bọ́ọ̀sì, ó fara balẹ̀ bi Dádì pé báwo ni ti àtijọ́ ṣe máa ń dùn wọ́n, ibo ló máa ń mú, kí ló máa ń jẹ́ kó rọlẹ̀, kó lè jẹ́ pé tí òmíràn bá dé, wọ́n á mọ̀ pé àlejò ni.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó bi wọ́n pé ta ni wọ́n mọ̀ tó ní in rí. Mo rò pé torí ọ̀rọ̀ ìdílé ni, ó sì wà nínú ẹ̀ lóòótọ́, torí tí bàbá ẹni tàbí ọmọ ìyá ẹni lọ́kùnrin bá ti ní in, ewu tèèyàn ju ìlọ́po méjì lọ. (Ẹ̀yin àbúrò mi méjèèjì, mo mọ̀ pé ẹ ń ka eléyìí, 45 ni kí ẹ ti lọ bá GP, ẹ ò gbọdọ̀ dúró di 50.) Dádì wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti ẹ̀gbọ́n wọn l'Ábẹ́òkúta, Bàbá Àgbà là ń pè wọ́n. Ọdún méjì ni Bàbá Àgbà fi gbé ẹ̀yìn kiri tí wọ́n ń pè é ní làkúrègbé, wọ́n ń fi róòbù pa á, ìgbà tí wọ́n máa fi gbé wọn dé ọsibítù, ẹsẹ̀ ti kú. Owó àpò ni gbogbo ẹ̀, wọ́n á ní kí ẹ lọ ra abẹ́rẹ́ wá, ẹ rà á tán, wọn ò ní sọ iṣẹ́ tó wá ṣe. Dádì ló ń fowó ránṣẹ́ láti ibí. Wọ́n sọ fún Sístà pé gbogbo ìgbà yẹn kò sí ẹnì kan ṣoṣo tí àwọn lè pè lórí fóònù kó sọ fún àwọn pé ohun tó ń ṣe ẹ̀gbọ́n yín rèé, ohun tó kù ká ṣe rèé, bó ṣe máa rí rèé. Ọjọ́ tí Bàbá Àgbà kú, àwọn ará ilé ṣì ń sọ pé ẹ̀yìn ni.

Mo ti gbọ́ ìtàn Bàbá Àgbà láìmọye ìgbà, n ò gbọ́ ibi fóònù yẹn rí. Ìgbà yẹn ló yé mi pé nígbà tí dọ́kítà pe prostate, òkú ẹ̀gbọ́n wọn ni Dádì rí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tó ti ń jẹ mí lọ́kàn. Jẹjẹrẹ yìí ló pọ̀ jù lára àwọn ọkùnrin ní Nàìjíríà, tá a bá sì ń sọ̀rọ̀ ìtọ́jú ẹ̀ nílé, ẹ̀rọ la máa ń sọ. Ẹ̀rọ dára, inú mi dùn gan-an lọ́dún 2019 tí wọ́n ṣí ibi ìtọ́jú jẹjẹrẹ tuntun ní LUTH, n'Ídí-Àràbà, mo fi fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí. Àmọ́ ẹni tó máa fa àga sún mọ́ bàbá kan, tó máa bi í pé kí lo gbọ́, mélòó la ní? Àwọn nọ́ọ̀sì tá a ní náà ń jápa, wọ́n wà níbí lọ́dọ̀ wa, a jọ ń ra iṣu ní Peckham. Lọ́dún 2023 àjọ ìlera àgbáyé WHO fi Nàìjíríà sára àwọn orílẹ̀-èdè tí òṣìṣẹ́ ìlera ò tó, tí kò yẹ kí àwọn olówó máa lọ kó tiwọn. N ò bá ẹnikẹ́ni tó jápa wí, èmi náà ò sí nílé. Mo kàn ń rò ó ni.

Níbí pàápàá, àwọn irú nọ́ọ̀sì yìí ò ṣàdédé wà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè wọ́n ní nọ́ọ̀sì Macmillan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo wọn ni wọ́n ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin kan ló ń jẹ́ Douglas Macmillan, jẹjẹrẹ pa bàbá ẹ̀ lọ́dún 1911, ó wo ìrora tí bàbá yẹn jẹ, ọdún yẹn náà ló dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀. Ẹgbẹ́ yẹn ló wá gbé àwọn nọ́ọ̀sì Macmillan àkọ́kọ́ jáde ní 1975. Ọmọ tó wo bàbá ẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ tí mo ka ìyẹn, mo sunkún.

Ó yá, ọ̀rọ̀ agbo. Mo mọ̀ pé ẹ̀ ń retí ẹ̀.

Ìtọ́jú tí wọ́n yàn fún Dádì, abẹ́rẹ́ àti radiotherapy ni. Kí abẹ́rẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n kọ́kọ́ fún wọn ní oògùn oníhóró kan tó ń jẹ́ bicalutamide fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, torí abẹ́rẹ́ yẹn, kó tó fa testosterone, ìyẹn èròjà ọkùnrin tó wà nínú ara, wálẹ̀, á kọ́kọ́ tì í sókè ná, hóró yẹn ló máa dá a lọ́wọ́ kọ́. Testosterone ni jẹjẹrẹ yìí ń jẹ. Dọ́kítà kan tó ń jẹ́ Charles Huggins ló fi èyí han aráyé ní 1941, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1966 torí ẹ̀. Ẹ gba oúnjẹ lẹ́nu ẹ̀, á sún kì. Bẹ́ẹ̀ ni Sístà ṣe ṣàlàyé ẹ̀ fún Dádì, ó sì yé wọn.

Ọ̀sẹ̀ kejì tí wọ́n ti ń lo hóró yẹn, Sístà pè lórí fóònù, ó ń béèrè bí ara ṣe rí, ó wá bi wọ́n, ohùn ẹ̀ ò yí padà rárá, pé "Dádì, kí ni nǹkan míì tẹ́ ẹ tún ń mu tí kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa ló ti wá?" Kò bi wọ́n pé ṣé ẹ̀ ń mu nǹkan kan, torí Dádì á ní rárá. Ó ní kí ni. Dádì wo ojú mi, mo wo ojú wọn. Ìgò mẹ́ta ló wà lábẹ́ síńkì, àbúrò wọn ló fi rán ẹnì kan láti Ìbàdàn, mi ò mọ̀ nípa ẹ̀. Wọ́n jẹ́wọ́. Mo ti ń múra pé ó máa pariwo, torí mo ti rí dọ́kítà kan níbí tó fi mọ́mì ọ̀rẹ́ mi ṣẹ̀sín torí agbo, obìnrin yẹn ò sì sọ òótọ́ fún wọn mọ́ títí ó fi kú. Sístà ò pariwo. Ó ní ẹ bá mi mú ìgò náà wá lọ́jọ́ Thursday, ẹ má tíì dà á nù, ṣùgbọ́n ẹ má mu ún mọ́ títí a fi máa rí ẹ̀dọ̀ yín. Hóró yẹn lè dààmú ẹ̀dọ̀ fúnra ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, tí a bá wá da agbo tá ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀ lé e, tí ẹ̀dọ̀ bá ṣe wàhálà, a ò ní mọ ẹni tá a máa mú. Ó ní nílé tòun ní Philippines, ìyá òun àgbà máa ń se ewé mu, òun mọ̀ pé ìfẹ́ ni wọ́n fi fi í ránṣẹ́.

Dádì gbé ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ nínú àpò ṣọ́ọ̀ṣì. Wọn ò mu ún mọ́. Ẹ bi mí pé kí ló dé tí wọ́n fi gbọ́ tiẹ̀ tí wọn ò gbọ́ tèmi ọmọ wọn. Kò bú àwọn ará ilé wọn.

Màá tún sọ pé níbẹ̀rẹ̀, mo gbàdúrà pé kí wọ́n fún wa ní nọ́ọ̀sì Yorùbá. Wọ́n pọ̀ ní ọsibítù yẹn, mo ní wọ́n á lè bá wọn sọ ọ́ lédè wọn. Ìgbà tó yá ni mo rí i pé tó bá jẹ́ ọmọ Yorùbá ni, Dádì ò ní la ẹnu. Ọmọ Yorùbá á kúnlẹ̀, á ní ẹ kú ìrọ́jú sà, wọ́n á bi í pé ọmọ ibo ni ẹ, ó lè jẹ́ ará Abẹ́òkúta, ó lè mọ pásítọ̀ wa. Ta ló máa wá sọ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pé ìtọ̀ ń dà sí òun lára? Mo mọ̀ pé àwọn nọ́ọ̀sì wa kan wà tó mọ bí wọ́n ṣe ń gbà á lẹ́nu àwọn bàbá wa, mi ò fi tiwọn ṣeré. Mo ń sọ ti Dádì tèmi ni.

Abẹ́rẹ́ ọ̀hún, inú awọ ikùn ni wọ́n ń gún un sí ní ọ̀sẹ̀ méjìlá méjìlá, hóró kan báyìí bí ìrẹsì ló máa wà níbẹ̀ táá máa yọ́ díẹ̀díẹ̀. Nǹkan tó ń ṣe fún ara ọkùnrin, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Ooru á ṣàdédé bò wọ́n láàárín òtútù, wọ́n á làágùn títí bẹ́ẹ̀dì á tutù. Ó ń rẹ̀ wọ́n. Ikùn yọ. Dádì mi tí kì í sunkún wá sunkún nígbà tí wọ́n ń wo bọ́ọ̀lù. Ara wọn ò sì dìde mọ́, ó ṣe, wọn ò tiẹ̀ rántí ẹ̀ mọ́ gan-an, torí testosterone tó ń jẹ́ kéèyàn fẹ́ ẹ náà ti lọ.

Mi ò mọ èyí tó kẹ́yìn yẹn nígbà náà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé Mọ́mì ń rù, wọn kì í fẹ́ sọ̀rọ̀, tí mo bá wọlé wọ́n á dìde lọ sí kíṣìnnì. Mo rò pé ìpayà àìsàn ni.

Ìgbà tá a lọ rí Sístà lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kejì, ó ní kí Mọ́mì náà wá. Ó bi wọ́n léèrè bí ó ṣe máa ń béèrè, oúnjẹ, ìtọ̀, oorun. Ìgbà tó dé oorun, ó ní, "Dádì, ibo lẹ̀ ń sùn?"

Dádì ní nínú ilé ni o.

Ó ní yàrá wo?

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Mọ́mì wo ilẹ̀. Sístà yíjú sí mi, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní mo lè lọ bá òun ra kọfí nísàlẹ̀ kí n má sì kánjú. Mo jáde. Ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta ni mo fi jókòó sísàlẹ̀, kọfí ti tutù.

Ohun tó ṣẹlẹ̀, Mọ́mì ló sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn oṣù mélòó kan, Dádì sì ti ní kí n kọ ọ́. Dádì ti kó lọ sí yàrá kékeré látìgbà abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́. Ojú ń tì wọ́n torí òógùn, ojú ń tì wọ́n torí páàdì tí wọ́n ń wọ̀, èyí tó sì ju gbogbo ẹ̀ lọ, wọ́n rò pé tí àwọn bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó àwọn, ó máa retí nǹkan tí àwọn ò ní lè ṣe. Wọn ò sọ fún un. Mọ́mì ní tiwọn rò pé àwọn ti ṣẹ̀ wọ́n. Ọdún 41 tí wọ́n ti fẹ́ra wọn, wọn ò sùn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ rí àyàfi tí ìjà bá ṣẹlẹ̀. Wọ́n wá ń wá ẹ̀ṣẹ̀ náà kiri, wọ́n ní bóyá torí pé àwọn pariwo lórí ọ̀rọ̀ dídìde lóru yẹn ni. Oṣù mẹ́rin gbáko, àwọn méjèèjì ń bẹ̀rù ara wọn nínú ilé kan, ògiri kan ló wà láàárín wọn.

Sístà ló ṣí i. Ó sọ fún Mọ́mì, Dádì wà níbẹ̀, pé abẹ́rẹ́ ló fà á, pé kì í ṣe ọkàn wọn ló kúrò lára yín. Ó sọ fún Dádì pé oògùn wà, ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń fi fa afẹ́fẹ́ wà, tí wọ́n bá fẹ́, nígbàkígbà tí wọ́n bá fẹ́, tí wọn ò bá sì fẹ́ náà kò burú. Ó wá bi Mọ́mì pé kí ni àwọn ń retí. Mọ́mì ní àwọn ò retí nǹkan kan ju ẹsẹ̀ tó tutù tí wọ́n máa ń fi kàn àwọn lóru.

Dádì padà sí yàrá wọn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Sístà ti sọ irú aṣọ tí wọ́n máa tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì kí omi má baà wọlé, mo rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mi ò béèrè ohun tó wà fún.

Kò sí ohun tí ẹ̀rọ kankan lè ṣe sí èyí. Kò sí nínú sikáànì. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n sọ ohun tí specialist nurse ń ṣe, ògiri yẹn ni màá sọ.

Radiotherapy wá bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́, Monday sí Friday, ogún ìgbà, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Kò dunni rárá nígbà tí wọ́n bá ń ṣe é, ẹ kàn máa dùbúlẹ̀ ni. Wàhálà ẹ̀ ni pé àpò ìtọ̀ gbọ́dọ̀ kún kí ìdí sì ṣófo, kí prostate lè wà lójú kan náà lójoojúmọ́, kí iná má lọ ta ìfun. Wọ́n á mu omi, wọ́n á dúró, wọ́n á tún máa bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ̀rọ má pẹ́. Ọjọ́ kẹta, wọ́n dá wọn padà lórí tábìlì pé afẹ́fẹ́ pọ̀ nínú wọn. Sístà pè mí: kí ni Dádì jẹ lánàá? Ẹ̀wà ni. Ìwé tí wọ́n fún wa sọ pé ká yẹra fún broccoli àti cabbage, ta ló ń jẹ broccoli nílé wa? Sístà ní kí n ka gbogbo ohun tá a ń sè fún òun lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀: ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín, àkàrà, ẹ dá wọn dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ìrẹsì, iṣu, àmàlà pẹ̀lú ọbẹ̀ tí ata ò pọ̀, kò burú. Mo gbọ́ pé ó ti tẹ ìwé kékeré kan báyìí tó ń fún àwọn ará wa, mọ́ínmọ́ín wà níbẹ̀, ó ní kí n bá òun wo bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló rọrùn o. Ìgbà kan wà tí ó lọ sí ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n fi lẹ́tà méjì ránṣẹ́ pé kí Dádì wà níbi méjì ní aago mẹ́wàá ọjọ́ kan náà, mo pe nọ́ḿbà mẹ́fà, kò sẹ́ni tó lè tún un ṣe. Ọjọ́ tó dé, ìpè kan ṣoṣo. Mo wá ń ronú pé kò yẹ kí ìtọ́jú bàbá ẹnìkan gbé lé èjìká èèyàn kan báyìí, àwọn aláìsàn tó ń bójú tó pọ̀, mo rí i tó ń jẹ súùnwíìṣì lórí ìdúró ní aago mẹ́ta ọ̀sán. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ ò tíì ní nọ́ọ̀sì tiyín, ẹ béèrè lọ́jọ́ tí wọ́n bá sọ èsì fún yín pé ta ni CNS mi, kí ẹ gba nọ́ḿbà ẹ̀ kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Tí ẹ ò bá sì tíì dé ọsibítù rárá, ẹgbẹ́ Prostate Cancer UK ní àwọn specialist nurse tó ń gbé fóònù, ọ̀fẹ́ ni, wọn ò ní bi yín ní ìwé kankan, ẹ ò ní láti ní jẹjẹrẹ kí ẹ tó pè wọ́n.

PSA Dádì tó jẹ́ 23 níbẹ̀rẹ̀ ti di 0.1 báyìí. Abẹ́rẹ́ ṣì ń lọ, ó kù díẹ̀ kó pé ọdún méjì. Mọ́mì rán ìró àti bùbá fún Sístà, ó wọ̀ ọ́ lọ síbi ayẹyẹ kan, ó fi fọ́tò ránṣẹ́. Gèlè yẹn wọ́ díẹ̀ ṣùgbọ́n Mọ́mì ti fi ṣe fọ́tò orí fóònù wọn.

Oṣù tó kọjá, mo wà nílé wọn lálẹ́ nígbà tí fóònù Dádì dún. Ọ̀kan nínú àwọn bàbá ẹgbẹ́ wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì ni, ó ti gba èsì lọ́jọ́ yẹn, kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Dádì gbé fóònù lọ sí kọ̀rídọ̀, wọ́n rò pé mi ò gbọ́. Wọ́n jẹ́ kí ọkùnrin yẹn sọ̀rọ̀ títí. Wọn ò tíì gbàdúrà fún un, wọn ò tíì sọ ti PSA. Mo gbọ́ tí wọ́n ní, "Bọ̀dá mi, ẹ má bínú o, ibo lẹ̀ ń sùn báyìí?"